Orúkọ wọ Paris, èèyàn ò wọ̀ ọ́: ìtàn ogun Hitler láti títì Òkókómáíkò

1/ Ẹ fa àga súnmọ́bí. Ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti London tàbí Paris. Mile 2 ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn kọ́ńdọ́ yẹn: "Volks! Ìyànà-Ìbà! Òkókó! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!"

2/ Ìbà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti dàgbà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbọ́ "Volks" lẹ́nu kọ́ńdọ́, mi ò bèèrè rí pé kí ló ń jẹ́ Volks. Volkswagen ni o. Ní 1975 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ náà síbí, lójú títì Badagry. Mọ́tò tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ìjàpá yẹn, ibí ni wọ́n ti ń tò ó.

3/ Ta ló wá dá Volkswagen sílẹ̀? Ìjọba Násì ti Hitler ni, ní 1937. Nígbà tí ogun dé, mọ́tò àwọn ṣọ́jà Jámánì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é ló sì jẹ́ ẹni tí wọ́n fi tipátipá kó wá láti àwọn ilẹ̀ tí Jámánì gbà. Nígbà tí ogun parí ní 1945, Major Ivan Hirst, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ní kó lọ mójú tó ilé iṣẹ́ náà. Òun ló gbé e dìde padà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, orúkọ yẹn dé Ọ̀jọ́, ó di bọ́sítọ́ọ̀pù.

4/ Ṣé ẹ rí i? Orúkọ kì í fúnra rẹ̀ sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ó kàn máa jókòó sójú títì ni, a ó máa pè é, a ó máa sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Ogun tí wọ́n kọ́ wa ní iléèwé pé ti Yúróòpù ni, ọ̀dọ̀ wa ló gbà kọjá. Àwọn orúkọ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ la ò mọ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ẹ máa tẹ̀ lé mi díẹ̀díẹ̀.

5/ Ká lọ sí 1940. Oṣù karùn-ún, Hitler kọlu Faransé. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méje, Faransé ti túúbá. Àgbà ọ̀gágun kan, Pétain, gba ìjọba, ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú tó ń jẹ́ Vichy, ó ní òun ò bá Hitler jà mọ́. Ọ̀gágun mìíràn, de Gaulle, sá lọ sí London. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ó bọ́ sórí rédíò BBC, ó ní ogun ò tíì parí.

6/ Ẹ ó ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ẹ wo títì wa yìí. Tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ ní Òkókó, tẹ́ ẹ kọjá Àgbárá, tẹ́ ẹ kọjá Badagry, ibo lẹ máa já sí? Sẹ̀mẹ̀ ni. Òdìkejì Sẹ̀mẹ̀ nígbà yẹn, Dahomey ni wọ́n ń pè é, abẹ́ Faransé ló sì wà. Boisson tó jẹ́ gómìnà àgbà Faransé ní Dakar sọ pé ẹ̀yìn Pétain lòun wà. Nítorí náà, láti àárín 1940 títí di oṣù kọkànlá 1942, ẹnubodè tí àwọn ìyá wa ń gbé ọjà gbà yẹn, òun ni ààlà láàárín àwọn tó ń bá Hitler jà àti àwọn tó ti túúbá fún un. Ogun ò jìnnà. Ìparí títì wa ló wà.

7/ Ìwọ̀ oòrùn wa, Dahomey, ti Vichy. Àríwá, Niger, ti Vichy. Ìlà oòrùn, Kamẹrúùnù àti Chad, abẹ́ Faransé làwọn náà wà, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n máa yí sí. Ẹ fojú inú wo gómìnà Nàìjíríà nígbà yẹn lórí àga rẹ̀ ní Marina, Èkó. Sir Bernard Bourdillon ni orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Bourdillon yẹn, ti títì Ìkòyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ yìí mọ́ òṣèlú nìkan, ẹ wá gbọ́ ti ogun.

8/ Oṣù kẹjọ 1940. Ọkọ̀ òfuurufú kan, irú èyí tó ń balẹ̀ sórí omi, gbéra nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di Èkó. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn de Gaulle mélòó kan ló sọ̀ nínú rẹ̀. René Pleven wà níbẹ̀. Hettier de Boislambert wà níbẹ̀. Ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀gá ṣọ́jà kan tí kì í fi ọ̀pá sílẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dá nígbà tó ṣubú lórí ẹṣin. Ó ní Leclerc lòun ń jẹ́.

9/ Kì í sì í ṣe orúkọ rẹ̀. Philippe de Hauteclocque lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà ṣì wà ní Faransé, lábẹ́ ojú Jámánì. Tí orúkọ yẹn bá jáde lórí rédíò, àwọn ló máa jìyà rẹ̀. Ló bá wá orúkọ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aráàlú, ó fi bo ara. Ẹ fi ọkàn sí ọkùnrin yìí o. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tó gba Èkó kọjá, òun ló máa darí àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Paris.

10/ Bourdillon kò ṣe wọ́n bí àlejò àìmọ̀. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, torí ó mọ̀ pé tí Chad àti Kamẹrúùnù bá bọ́ sọ́wọ́ Vichy, Nàìjíríà ti wà láàárín ọ̀tá nìyẹn. Láti Èkó ni wọ́n ti pín ara wọn. Pleven gba Chad lọ, ó lọ bá gómìnà ibẹ̀, Félix Éboué.

11/ Éboué yìí, èèyàn dúdú ni. Cayenne ni wọ́n ti bí i, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, láàárín ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 1940, ó kéde pé Chad kò sí lẹ́yìn Pétain mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: gómìnà Faransé àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó kọ̀ fún Hitler, tó dúró ti de Gaulle, èèyàn dúdú ni.

12/ Leclerc àti Boislambert ní tiwọn gba Victoria lọ, ìyẹn Limbe òde òní. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà ló ń darí ibẹ̀ nígbà yẹn. Láti Tiko, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń tukọ̀ pẹja. Wọn ò pé ọgbọ̀n! Òru mọ́jú ọjọ́ 27 ni wọ́n tu ọkọ̀ wọ Douala. Leclerc ti fi àmì kọ́nẹ́lì sí èjìká ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí ó mọ̀ pé àwọn ọ̀gá ṣọ́jà tó wà níbẹ̀ kò ní dá ẹni tó kéré sí wọn lóhùn. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, Douala ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 28, Brazzaville náà yí. Ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ mẹ́ta.

13/ Ẹ rò ó wò. Kó tó di ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kí ni de Gaulle ní? Ohùn lórí rédíò, àti ìwọ̀nba ọmọ ogun nílẹ̀ onílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ilẹ̀, ó ní aráàlú, ó ní owó orí, ó ní olú ìlú: Brazzaville. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfuurufú ogun gbà láti Takoradi dé Íjíbítì, èyí tó gba Èkó, Kánò àti Maiduguri kọjá, ó rí ilẹ̀ Chad tẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Faransé tó wà lómìnira lásìkò yẹn, ilẹ̀ Áfíríkà ló wà.

14/ Kò pẹ́ tí wọ́n fi rán Leclerc lọ sí Chad láti lọ darí ọmọ ogun. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 1941, òun àti bí irínwó ọmọ ogun gba Kufra lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, láàárín aṣálẹ̀ Líbíà. Ọmọ ilẹ̀ Chad àti àwọn aládùúgbò wọn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọjọ́ kejì ni Leclerc kó wọn jọ, ó búra pé àwọn ò ní gbé ìbọn sílẹ̀ àfi tí àsíá Faransé bá tún ń fẹ́ lókè ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Strasbourg.

15/ Àwọn ọmọ ogun dúdú wọ̀nyẹn gbọ́ ìbúra náà. Àwọn náà wà nínú "àwọn" tó sọ. Wọ́n bá a rin aṣálẹ̀ títí wọ́n fi dé Tripoli ní oṣù kìíní 1943. Orúkọ tí Faransé sì kọ sí wọn lára ni "ọmọ ogun Senegal". Chad ni wọ́n ti wá o, wọn ò rí Senegal rí. Gbogbo dúdú tó bá ti gbé ìbọn fún Faransé, Senegal lorúkọ rẹ̀.

16/ Ibi tó ń dùn mí nìyí. 1943, ní Mòrókò. Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ ogun Leclerc ní ọkọ̀ ogun onírin, aṣọ, ìbọn, gbogbo rẹ̀ tuntun. Wọ́n di ọ̀wọ́ ọmọ ogun tuntun, 2e DB. Nígbà tí wọ́n ń to orúkọ, wọ́n yọ àwọn ọmọ ogun dúdú kúrò. Àwọn tó rin aṣálẹ̀. Àwọn tó gba Kufra. Wọ́n ní ẹ ṣé o, ẹ máa padà sílé.

17/ Ẹ wá gbọ́ èyí. Àwọn èèyàn ni wọ́n yọ, wọn ò yọ orúkọ. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó jáde láti Chad yẹn, Régiment de marche du Tchad ni wọ́n ń pè é láti ìgbà yẹn: ẹgbẹ́ ọmọ ogun Chad. Orúkọ Chad wà lórí ìwé, lórí àsíá, lórí àmì ẹ̀yẹ. Ọmọ Chad tó jẹ́ dúdú kò sí nídìí ìbọn mọ́.

18/ Kì í sì í ṣe Faransé nìkan. Oṣù kìíní 1944, Ọ̀gágun Bedell Smith, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ológun lábẹ́ Eisenhower, kọ ìwé sílẹ̀ pé ó dáa kí ọ̀wọ́ Faransé tó máa wọ Paris jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ó ní nínú gbogbo èyí tó wà, 2e DB nìkan ló ṣeé sọ di funfun pátápátá, torí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni kì í ṣe funfun níbẹ̀. Àwọn ará Àríwá Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú ìdá yẹn. Àwọn dúdú ti lọ. Ogun tí wọ́n ní àwọn ń fi lé ẹlẹ́yàmẹ̀yà kúrò láyé, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka àwọ̀ nídìí rẹ̀.

19/ Ó di alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 1944. Captain Dronne kó ìwọ̀nba ọkọ̀ ogun díẹ̀ wọ Paris ṣáájú gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ wo ló wà? Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Chad! Àwọn wo ló wà nínú ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Sípéènì, àwọn tó ti bá Franco jà nílẹ̀ wọn tí wọ́n sì pàdánù ilé. Mi ò bínú sí wọn o, akọni ni wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, von Choltitz, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Jámánì ní Paris, fọwọ́ síwèé ìtúúbá níwájú Leclerc. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, wọ́n gba Strasbourg. Ìbúra Kufra ṣẹ.

20/ Orúkọ Chad wọ Paris. Àwọn ọmọ Chad tó gbọ́ ìbúra yẹn ò wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

21/ Ẹnìkan máa ní, "Ṣé àwọn dúdú ò jà ní Faransé rárá ni?" Wọ́n jà gan-an. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 1944, ìhà gúúsù Faransé, lábẹ́ Ọ̀gágun de Lattre. Àwọn ọmọ ogun láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tó gba Toulon. Wọ́n wá láti Senegal, láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Mali báyìí, láti Ivory Coast, láti Dahomey. Dahomey tó wà lódìkejì Sẹ̀mẹ̀ ni mò ń wí. Ibẹ̀ ni Kétu wà, ibẹ̀ ni Pobẹ̀ àti Sákétẹ́ wà. Ọmọ Oòduà ló wà níbẹ̀.

22/ Nígbà tí ọ̀gìnnìtìn ń bọ̀, tí ogun ń sún mọ́ Jámánì, wọ́n tún ṣe é. Wọ́n ní òtútù máa pa wọ́n. Wọ́n yọ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọmọ ogun dúdú kúrò lójú ogun, wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ Faransé rọ́pò wọn. Níbi tí aṣọ ò ti tó, kóòtù ọrùn dúdú ni wọ́n bọ́ fún funfun. Òtútù tí wọ́n torí ẹ̀ ní kó máa lọ, wọ́n bọ́ kóòtù lọ́rùn rẹ̀ kó tó lọ. Ẹ kú ìṣirò.

23/ Àwọn mìíràn padà dé Thiaroye, lẹ́bàá Dakar. Àwọn yìí ti wà ní ẹ̀wọ̀n Jámánì fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ àwọn fáwọn káwọn tó lọ sílé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá 1944, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn lù wọ́n. Ìjọba Faransé ní èèyàn márùndínlógójì ló kú. Nígbà tó yá, ààrẹ wọn, Hollande, ní ó tó àádọ́rin. Ìparí 2024, ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ni ààrẹ Macron ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ tó ń jẹ́: ìpakúpa. Ẹ rí i pé orúkọ kì í ṣe nǹkan kékeré.

24/ Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bú Faransé. Ẹ ṣe sùúrù, ká bọ̀ sílé. Gẹ̀ẹ́sì tiwa ńkọ́? Wọn ò kó àwọn ọ̀wọ́ ọmọ ogun Nàìjíríà lọ jà ní Yúróòpù rárá. Àwọn tiwa tó jà níbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ni. Ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀, Akin Shenbanjo, tó máa ń fi ọkọ̀ òfuurufú Halifax lọ ju bọ́ǹbù sí Jámánì. Òun ni àwọn tí wọ́n jọ ń fò fi sọ ọkọ̀ wọn lórúkọ: Achtung! The Black Prince. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ DFC.

25/ Ìyókù, ibòmíràn ni wọ́n kó wọn lọ. Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ítálì ti gba Etiópíà láti 1936. Ọ̀gágun Alan Cunningham ló darí ogun tó gba ìhà gúúsù lọ, ẹgbẹ́ ọmọ ogun 23rd Nigerian Brigade, tí Smallwood jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, sì wà níwájú. Ọjọ́ 25 oṣù kejì 1941, àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ Mogadishu. Oṣù kẹta, wọ́n jà ní ọ̀nà àárín òkè tó ń jẹ́ Marda. Ọjọ́ 26, wọ́n wọ Harar. Oṣù kẹfà, wọ́n la odò Omo kọjá ní Abalti. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, Haile Selassie ti wọ Addis Ababa padà.

26/ Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Kí Paris tó bọ́ lọ́wọ́ Hitler, olú ìlú ilẹ̀ dúdú kan ti kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ Mussolini. Ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó bọ́ okùn náà, nígbà tí okùn Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lọ́rùn tiwọn.

27/ Lẹ́yìn ìyẹn, Bọ́mà. Oṣù kẹta 1943 ni wọ́n dá 81st West African Division sílẹ̀, Nàìjíríà sì ni. 82nd tẹ̀ lé e. Láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ni wọ́n ti wá. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sábẹ́ Ọ̀gágun Slim, tó ń darí ẹgbẹ́ ogun kẹrìnlá. Ní àfonífojì Kaladan, kò sí ọ̀nà mọ́tò. Wọ́n fọwọ́ ara wọn la ọ̀nà gba orí òkè, wọ́n fi orí ru ẹrù ogun, bí ìyá alájà ṣe ń ru igbá. Oúnjẹ wọn, òkè ni ọkọ̀ òfuurufú ti ń jù ú sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1945, wọ́n gba Myohaung.

28/ Ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀, Isaac Fadoyebo, ará Ẹ̀múrẹ̀-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wọṣẹ́ ṣọ́jà. Ní 1944, àwọn Japan yìnbọn lù wọ́n létí odò Kaladan. Ìbọn ba ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti ẹnì kan láti Sierra Leone ló ṣẹ́ kù síbẹ̀. Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman, ló gbé wọn pamọ́, tó ń bọ́ wọn títí oṣù mẹ́sàn-án fi kọjá. Fadoyebo padà wálé, ó kọ ìwé nípa ayé rẹ̀, ó gbé Èkó títí ó fi kú ní 2012. Ìwé tó kọ yẹn la fi mọ orúkọ rẹ̀. Mélòó ni ò kọ̀wé?

29/ Wàyí o, ẹ bá mi ka bárékè Èkó. Marda Barracks, Yaba. Abalti Barracks, Surulere. Myohaung Barracks, Yaba. Arakan Barracks, Apapa. Agbègbè tí Kaladan àti Myohaung wà ní Bọ́mà ló ń jẹ́ Arakan. Ẹ dé Ìbàdàn, ẹ ó bá Letmauk ní Mókọ́lá. Bọ́mà ni Letmauk wà. À ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, à ń bá ara wa jà nítorí ṣéńjì. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ojú ogun ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ bárékè wa lórúkọ.

30/ Bárékè tiwa ní Ọ̀jọ́ ńkọ́? Ọ̀jọ́ náà ló ń jẹ́, kò ní orúkọ ogun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀wọ́ ọmọ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀: 81 Division. Èyí tó wà ní Enugu ń jẹ́ 82. Ṣé ẹ rò pé ẹnìkan kà á láti oókan dé ọgọ́rin ni? Rárá o. Nọ́ńbà Bọ́mà ni. Àwọn tó fi orí ru ẹrù ní Kaladan ló ni ín.

31/ Nídìí èyí, ọ̀rọ̀ kan wà nílé wa. Àbúrò bàbá bàbá mi lọ Bọ́mà. Fọ́tò rẹ̀ kan wà ní párọ̀ wa, ó wọ ṣòkòtò kúkúrú, ó gbé fìlà ṣọ́jà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan orí. Gbogbo ilé ń pè é ní Bàbá Ṣọ́jà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan wọ̀nyí, mo bi dádì mi léèrè pé, "Dádì, kí ni orúkọ Bàbá Ṣọ́jà gan-an?" Dádì mi lanu. Wọ́n pa á dé. Wọn ò mọ̀ ọ́n.

32/ Mo pe àwọn àǹtí mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ní kí n lọ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn ṣọ́jà. Ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan tó rọrùn, nítorí nígbà yẹn, tí èèyàn bá lọ wọṣẹ́ ṣọ́jà, orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ipò orúkọ bàbá rẹ̀. Audu tó wá láti Ìlọrin di Audu Ilorin. Ta ni bàbá Audu? Ìwé ò sọ. Èmi tí mo ń bínú sí Faransé pé wọ́n di orúkọ mú, wọ́n ju èèyàn nù, ohun tá a ṣe fún Bàbá Ṣọ́jà nílé wa náà nìyẹn. Kò sí ọ̀gágun kankan tó fi tipá mú wa.

33/ Ìyá àgbà kan ló kù nínú ìran wọn, Badagry ni wọ́n ń gbé. Mo wọ mọ́tò ní Òkókó, mo lọ bá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé fọ́tò náà fún wọn. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Wò ó, ọmọ mi, mi ò mọ èyí táwọn òyìnbó kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ máa ń pè é tó bá ti di àárọ̀." Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n wá kì í, ìlà mẹ́ta péré, wọ́n ní ìyókù ti lọ.

34/ Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò yẹn, orúkọ àti ìlà oríkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ilé wa ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n dádì mi ò pè é ní Bàbá Ṣọ́jà mọ́.

35/ Mo bẹ̀ yín. Tí ẹnì kan bá wà nílé yín tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Bàbá Bọ́mà, tàbí Sájẹ́ǹtì, tàbí Bàbá Ṣọ́jà, ẹ lọ bèèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà tó kù. Lọ́sẹ̀ yìí ni o, ẹ má jẹ́ kó di ọdún iléyá tàbí Kérésì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ fún wa, ẹ sọ ọ́ lábẹ́ ibí. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Tí kọ́ńdọ́ bá sì tún pariwo "Volks!" lọ́la, ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí orúkọ ti ń bọ̀.